Ta Ló Lu Òǹtẹ̀ Lé E? Ọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà ní Àwọn Yunifásítì Èkìtì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí kò mọ sórí ilé alámọ̀ nìkan. Ó bá ìwé-ẹ̀rí mu pẹ̀lú. Ìwé pélébé ni ìwé-ẹ̀rí, ẹni tí kò mọ̀ sì lè rò pé nǹkan tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri lásán ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwé pélébé yẹn ni òfin wà, ìgbìmọ̀ wà, iye wákàtí wà, iye olùkọ́ wà, òǹtẹ̀ sì wà lórí òǹtẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, ìrì lásán tó láti wó ilé tí òbí fi ọdún mẹ́rin kọ́ fún ọmọ rẹ̀.

Ilẹ̀ Èkìtì ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti yé ènìyàn jù. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ni ó mọ ìtàn bàbá tó ta kòkó, tó ta iṣu, tó tún yá owó lé e, kí ọmọ lè wọ Christ's School ní Adó, ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1933. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkìtì jáde láti ara ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, Orísun Ìmọ̀ ni wọ́n fi ń kì í. Ẹni tí wọ́n ń kì ní orísun ìmọ̀ kò gbọdọ̀ ṣàìmọ ibi tí omi náà ti ń sun wá, kò sì gbọdọ̀ ṣàìmọ ẹni tó ń ṣọ́ ojú omi.

Lónìí, ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí àwọn kan ń pè ní ayárabíàṣá, kò ní láti ti ibẹ̀ lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, EKSU, wà ní Adó ní ojú ọ̀nà Ìwòròkò. Yunifásítì Afẹ Babalọlá, tí àgbà agbẹjọ́rò náà dá sílẹ̀ ní 2009, wà ní Adó kan náà. Ní 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá FUOYE sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, ọgbà rẹ̀ kejì sì wà ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní Ìkẹ́rẹ́, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ àtijọ́ di yunifásítì ní 2020, ó sì ń jẹ́ orúkọ Bámidélé Olúmilúà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́. Pólì Ìjọba Àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, náà wà ní Adó. Nínú ìrìn wákàtí díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè kan ilẹ̀kùn márààrún. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Ìtàn EKSU fúnra rẹ̀ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan. Ní 1982, lábẹ́ ìjọba Adékúnlé Ajásin, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 1985, ó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lẹ́yìn tí Èkìtì ti gba òmìnira, ó di Yunifásítì Adó-Èkìtì. Ní 2011, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ yunifásítì méjì mìíràn tí ìpínlẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, ti Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìfàkì, ó sì di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ilé-ìwé kan, orúkọ mẹ́rin, láàrin ọgbọ̀n ọdún! Ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí ní 1990 àti ẹni tó gba tirẹ̀ ní 2015 kò gba ìwé tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, síbẹ̀ agbanisíṣẹ́ kan náà ń gba àwọn méjèèjì. Kí ló so wọ́n pọ̀? Kì í ṣe orúkọ tó wà lókè ìwé. Òǹtẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ta wá ni olóǹtẹ̀? Àjọ NUC ni àkọ́kọ́, èyí tó ń mójútó gbogbo yunifásítì ní Nàìjíríà, ìbáà ṣe ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, tàbí ti aládàáni. Ní 1962 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn lásán. Ní 1974 ni òfin fún un ní agbára tirẹ̀. Òfin ọdún 1985 ló wá gbé iṣẹ́ tó wúwo jù lé e lọ́wọ́: pé òun ni yóò máa sọ ohun tó kéré jù tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ní kí ènìyàn tó lè fi í gba oyè, òun náà ni yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n tẹ̀ lé e. Láti inú òfin yìí ni ìwé ìlànà àkọ́kọ́ ti jáde ní 1989. Wọ́n tún un ṣe ní 2007, ó di èyí tí wọ́n ń pè ní BMAS. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni èyí tuntun jáde, CCMAS, àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní sáà ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024.

Ìwé tuntun yìí ṣe ohun kan tí àwọn ti ìṣáájú kò ṣe. Tẹ́lẹ̀, abẹ́ Sáyẹ́ǹsì ni ìmọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń wà, ó jókòó ti Físíìsì àti Kẹ́mísírì bí àbúrò tó bá ẹ̀gbọ́n gbé yàrá. CCMAS pín gbogbo ẹ̀kọ́ yunifásítì sí ọ̀nà 17, ó sì fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yàrá tirẹ̀. Nínú yàrá náà ni Computer Science wà, pẹ̀lú Software Engineering, Cybersecurity, Information Systems, Information Technology àti Data Science. Oyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó kọ́ Cybersecurity mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ilé. Ẹni tó kọ́ Software Engineering mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́ Computer Science mọ ìdí tí ilé fi ń dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ní ilé-ìwé gíga sẹ́kọ́ńdìrì tó bá ń sọ pé "Kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kọ́" kò tíì sọ nǹkan kan. Ó dà bí ẹni tó wọ ọjà tó ní aṣọ lòun fẹ́ rà, tí kò sọ bóyá àdìrẹ ni tàbí aṣọ òkè.

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. JAMB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ló ni ẹnu ọ̀nà náà. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ẹni tó fẹ́ kọ́ Computer Science máa ń jókòó fún: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, àti ọ̀kan sí i láàrin irú iṣẹ́ bíi Kẹ́mísírì, Bàọ́lọ́jì, Ẹ̀kọ́ Ọ̀gbìn, Ìmọ̀ Ọrọ̀-Ajé tàbí Jọ́gíráfì. Nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO, ó gbọdọ̀ ní kírẹ́dì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ bí idán, tó ń tún fóònù gbogbo àdúgbò ṣe, ṣùgbọ́n tó sá fún Físíìsì ní ọdún kejì nítorí pé olùkọ́ rẹ̀ le, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ láìmọ̀. Ọdún kejì ni ìpinnu náà ṣẹlẹ̀, ọdún kẹta ni ìrora rẹ̀ máa ń dé. Ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: kò yẹ kí ọmọ kankan yan iṣẹ́ tàbí kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan fi ilẹ̀kùn tó ń tì hàn án.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí kì í ṣe ọ̀nà ìtìjú rárá. Ẹni tó bá gba Pólì lọ, lábẹ́ àjọ NBTE ni ó wà, kì í ṣe lábẹ́ NUC. Ọdún méjì ni yóò fi gba ND, yóò lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, yóò sì tún padà fún ọdún méjì láti gba HND. Bí àmì rẹ̀ nínú ND bá dára, ó lè gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Direct Entry wọ yunifásítì, ọdún kejì gan-an ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè gba NCE, èyí tí àjọ NCCE ń ṣọ́. Àjọ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kan ṣáà kò wọ ọjà.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọlé, kí ni yóò bá níbẹ̀? Ọdún mẹ́rin ni B.Sc. máa ń gbà fún ẹni tó gba JAMB wọlé, mẹ́ta fún ẹni tó gba Direct Entry. Bí ó bá jẹ́ Computer Engineering ni, ọdún márùn-ún ni, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ìyẹn, àjọ COREN sì ń wò ó pẹ̀lú. Yúnìtì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀kọ́, gẹ́gẹ́ bí kóńgò ṣe ń wọn gààrí. Yúnìtì kan dúró fún wákàtí 15 tí olùkọ́ fi kọ́ni nínú sáà kan, tàbí wákàtí 45 tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Yúnìtì 120 ni ó kéré jù fún oyè ọlọ́dún mẹ́rin. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ń pa kíláàsì jẹ, kóńgò tí kò kún ni ó ń wọ̀n fún akẹ́kọ̀ọ́, iye tó wà lórí ìwé kò sì ní yí padà.

Ọdún kìn-ín-ní kì í dùn mọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nínú. Wọ́n wá fún kọ̀ǹpútà, Ìṣirò àti Físíìsì ni wọ́n bá pàdé, pẹ̀lú lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀kọ́ nípa àwọn ènìyàn Nàìjíríà àti àṣà wọn. COS 101 wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó dà bí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ a máa kùn pé ìfàkókòṣòfò ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìpìlẹ̀ mọ̀ pé igi tí kò ní gbòǹgbò ni afẹ́fẹ́ máa ń kọ́kọ́ bì lulẹ̀. Ọdún kejì ni wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní ti gidi, wọ́n sì ń kọ́ ìrònú tó tọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọdún kẹta ni bí wọ́n ṣe ń to dátà jọ, àti bí inú ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọdún kẹrin ni iṣẹ́ àkànṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fúnra rẹ̀ ṣe, tí yóò sì dúró níwájú ìgbìmọ̀ láti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀.

Láàrin èyí ni SIWES wà, ètò tí ITF dá sílẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú rí iṣẹ́ kó tó jáde. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò pọ̀ ní Adó bí ti Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ní Èkó tí yóò gbà á sílé lè lo oṣù rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, kó sì padà pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ tó kún, orí rẹ̀ kò sì kún. Èyí wà lára ìdí tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi gbé Ekiti Knowledge Zone kalẹ̀ ní Adó, tí Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà sì fi owó tì í lẹ́yìn: kí iṣẹ́ lè wá bá ọmọ nílé, kí ọmọ má baà máa wá iṣẹ́ kiri.

Ní ìparí gbogbo rẹ̀, àmì ni wọ́n máa ń kà. Ẹni tó bá ní 4.50 sókè nínú 5 ni ó wà ní ipò kìn-ín-ní, láti 3.50 dé 4.49 ni apá òkè ipò kejì, láti 2.40 dé 3.49 sì ni apá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mọ̀ lórí. Ohun tí wọn kì í sábà mọ̀ ni pé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tó ń fún wọn ní àmì náà ń gba àmì lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bí yunifásítì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun, ìgbìmọ̀ àgbà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni NUC yóò rán ènìyàn wá wo yàrá, ìwé, ẹ̀rọ àti olùkọ́ tó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ó tó, wọ́n á gbà kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyọ̀ǹda lásán nìyẹn. Kò tíì di òǹtẹ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ bá ti rìn jìnnà ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti yunifásítì mìíràn yóò wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣí fáìlì, wọ́n á ka ìwé ìdánwò, wọ́n á bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tí àjọ náà ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olùkọ́ ni ó gba àmì tó pọ̀ jù, 32 nínú 100, ju ilé lọ, ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀kọ́ tó bá gba 70 sókè, tí kò sì kùnà nínú àwọn ohun tó ṣe kókó, yóò gba òǹtẹ̀ kíkún fún ọdún márùn-ún. Èyí tí kò kún tó yóò gba ti ọdún méjì, kí ó lọ tún ilé rẹ̀ ṣe. Èyí tó bá wà lábẹ́ 60 kò ní òǹtẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun títí yóò fi ṣe àtúnṣe.

Ìyá kan wà ní àdúgbò Ajílòsùn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń tà. Táyé fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, Kẹ́hìndé ní ti kọ̀ǹpútà. Nígbà tí lẹ́tà Kẹ́hìndé dé láti yunifásítì aládàáni kan tí kò sí ní ìpínlẹ̀ náà, ìyá rẹ̀ gbé e lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ìtòsí wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí àkókò owó ìgbàwọlé tó parí.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire," ni bàbá náà wí. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ló lu òǹtẹ̀ lé e?"

"Òǹtẹ̀ wo tún ni, Bàbá? Ẹ wò ó níbí, ó pupa rokoṣo."

"Òǹtẹ̀ yunifásítì nìyẹn. Wọ́n ní ìwé-àṣẹ láti jẹ́ yunifásítì, n kò jiyàn. Ẹ̀kọ́ tí Kẹ́hìndé fẹ́ lọ kọ́ gan-an ni mò ń bèèrè. Ọdún wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ṣé NUC ti padà wá wò ó?"

Ìyá náà dákẹ́. Kẹ́hìndé ló fèsì. "Bàbá, ọdún tó kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, sà."

"Ó dáa. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí nǹkan jẹ́ tuntun. Gbogbo àgbà ti jẹ́ ọmọ tuntun rí. Àmọ́ ẹ pè wọ́n, ẹ bèèrè, kí owó iṣu tó kúrò nílé."

Wọ́n pè. Ẹni tó gbé fóònù kò lè sọ iye olùkọ́ tó ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀ka náà, kò sì lè sọ ìgbà tí àyẹ̀wò yóò wáyé. Kẹ́hìndé sunkún ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wọ Computer Science níbi tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ náà ti dàgbà, tí owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ilé-ìwé àkọ́kọ́ kò ní dára. Ohun tí bàbá olùkọ́ náà ṣe kò ju pé ó kọ́ ìyá oníṣu kan bí wọ́n ṣe ń yẹ ọjà wò kí wọ́n tó san owó, iṣẹ́ tí ìyá náà ti mọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀ ní ọjà tirẹ̀.

Olóǹtẹ̀ kejì wà tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ títí wọn ó fi jáde. CPN ni wọ́n ń pè é, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin 49 ti ọdún 1993 ló dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tó ti wà láti 1978, ti ń pariwo pé bí dókítà àti agbẹjọ́rò ṣe ní ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ wọn, ó yẹ kí àwọn náà ní. CPN náà máa ń yẹ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wò. Nítorí náà, olórí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan lè gba àlejò NUC, kó sì tún gba àlejò CPN, fáìlì kan náà ni yóò sì kó síwájú àwọn méjèèjì. Àwọn kan ní ọ̀pọ̀ olùṣọ́ ni kì í jẹ́ kí olè wọlé. Àwọn mìíràn ní àkókò tó yẹ kí olùkọ́ fi kọ́ni ni ó fi ń ko fáìlì. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì.

Àríyànjiyàn tó tún jinlẹ̀ ju èyí lọ ni ti CCMAS. Ìwé náà sọ pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ ni NUC yóò là sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì fi ìdá 30 tó kù kún un fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, takò ó. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì ni ó ni ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí wọn yóò kọ́, àti pé yunifásítì tó ń gba ìdá 70 lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan ní Àbújá kò yàtọ̀ sí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfiṣeré, pàápàá nínú ẹ̀kọ́ tó ń yí padà bí ọ̀gà. Ọdún 15 ló wà láàrin ìwé 2007 àti ìwé 2022. Ní 2007 ni iPhone àkọ́kọ́ jáde. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ChatGPT jáde; oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí CCMAS. Ìwé òfin tí inki rẹ̀ kò tíì gbẹ ti bá ayé tuntun pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ìlànà tí wọ́n ń tún ṣe lẹ́ẹ̀kan láàrin ọdún 15 kò lè sáré bá ẹ̀rọ tó ń yí padà lóṣooṣù.

Síbẹ̀, ìdá 30 yẹn ni ó yẹ kí àwọn ará Èkìtì tẹjú mọ́. Ìdá 70 ni yóò jẹ́ kí ọmọ Adó bá ọmọ Kánò dọ́gba. Ìdá 30 ni yóò sọ ohun tí ọmọ Adó mọ̀ tí ọmọ Kánò kò mọ̀. Bí yunifásítì bá lọ ṣe àdàkọ ìdá náà láti ara yunifásítì mìíràn, a jẹ́ pé ó gba oko, ó sì fi oko náà sílẹ̀ fún igbó.

Kí ni wọ́n lè gbìn síbẹ̀? Èdè wà. Wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀. Ọ̀kan fẹ́ ìyàwó, ọ̀kan ń gbé èrò, ọ̀kan ń ro oko, ọ̀kan ń gún ẹran. Bí ènìyàn bá tẹ̀ wọ́n láìsí àmì, kọ̀ǹpútà kò mọ èyí tó ń wá. Bí ó bá sì fi àmì sí i, ìṣòro mìíràn dé: lẹ́tà ẹ ní nọ́mbà kan tirẹ̀ nínú ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́mbà kan ṣoṣo, àkópọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì tó jọra lójú lè yàtọ̀ nínú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gidi nìyí, ó tó fún odindi sáà kan. Àwọn kan ti ṣíwájú: Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní yunifásítì Ifẹ̀ ti ṣe ìwádìí lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa fi ohùn Yorùbá kàwé, Túndé Adégbọlá sì dá ilé-iṣẹ́ Alt-i sílẹ̀ ní Ìbàdàn nítorí èdè Áfíríkà lórí ẹ̀rọ. Ta ni yóò ṣe ti ẹ̀ka-èdè Èkìtì, tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́? Bí ọmọ Èkìtì kò bá ṣe é, kò sí ẹni tí yóò bá a ṣe é.

Ifá náà wà. Ní 1983, Olú Longe, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìbàdàn, fi Ifá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe àkòrí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó fi gba ipò rẹ̀. Ohun tó mú kí àwọn méjèèjì jọra kò ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì láti rí. Ojú mẹ́jọ ni babaláwo ń tẹ̀ fún odù kan, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, kò sí ẹ̀kẹta. Bí wọ́n bá sọ méjì di ìlọ́po ara rẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ, 256 ni yóò jáde, iye odù Ifá gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà náà, òfo àti ẹyọ kan ló ní. Bí wọ́n bá to mẹ́jọ wọn pọ̀, 256 ni ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò ó. Èyí kò sọ Ifá di kọ̀ǹpútà, kò sì sọ babaláwo di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ó kàn fi hàn pé ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ nípa òfo àti ẹyọ kan ní COS 101 kò gbọ́ ohun àjèjì.

Iṣẹ́ kù fún àwọn olùkọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí ọwọ́ wọn ni ọmọ ti ń jáde. Kí ọmọ tó yan ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n jẹ́ kó mọ orúkọ oyè náà gan-an, kí ó má kàn sọ pé kọ̀ǹpútà. Kí ó mọ iṣẹ́ tí JAMB ń béèrè, kí ó tó fi Físíìsì sílẹ̀. Kí ó wo orí àkọsílẹ̀ NUC bóyá ẹ̀kọ́ náà ní òǹtẹ̀, kíkún ni tàbí ti ọdún méjì, àti ìgbà tí yóò parí. Kí ó bèèrè iye olùkọ́ tó wà nínú ẹ̀ka, àti ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ ṣe SIWES. Kí ó sì bèèrè ohun tí yunifásítì náà fi ìdá 30 rẹ̀ ṣe, nítorí ìdáhùn yẹn ni yóò fi hàn bóyá àwọn ibẹ̀ jókòó ronú.

Kò sí ìkankan nínú ìbéèrè wọ̀nyí tó ní owó nínú. Àìbèèrè wọn ni ó ní owó, owó iṣu àti owó kòkó. Abèèrè kì í ṣìnà.